Àpò Kòkó Tí A Kó Ìwé Ọ̀gá Àgbà Sí

Èrò ọkọ̀ kan ló ra dòdò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, létí títì Ìkirè, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń dúró. Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó gba dòdò, ó tú u, ó sì ju ìwé tí wọ́n fi wé e sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì lọ. Atẹ́gùn gbé ìwé náà wá síbi ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, mo sì rí i pé báírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi irú báírò bẹ́ẹ̀ kọ̀wé. Epo pupa ti mu ìwé náà dé ìdajì, síbẹ̀ mo dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀ ní ọdún kan ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó o sínú àpò nílé rẹ̀ ní Àpòmù, tí mo rán ẹnu àpò náà, tí mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí ìwé yìí?”

Ojú rẹ̀ wà nínú agbada. “Ìwé wo? Ìwé tí mo fi ń wé dòdò ni. Tó o bá fẹ́ kà á, kà á kíá, kó o gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn fún mi.”

Mo lọ síbi òkìtì ìwé tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo ṣí ti òkè, mo ṣí ti àárín, mo ṣí ti ìsàlẹ̀. Báírò aláwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí.

Ohun tó dé bá mi kò ṣòro láti rò. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé ọkùnrin náà, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà nínú pọ́ọ̀sì mi lásìkò yẹn gan-an. Ọmọ ìyá mi ló ń fi ìwé wé dòdò. Ta ló máa dúró bi mí ní ìbéèrè kejì?

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Àwọn tó ń gbé ní Àpòmù àti Ìkirè á mọ ẹni tí mò ń bá wí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kò pàdánù nǹkan kan. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni nígbà kan rí. Nígbà tó wà lórí oyè, ìlà kan péré ló máa ń fi báírò rẹ̀ kọ tí olùkọ́ kan á fi di ẹni tó ń wá iṣẹ́. Èmi wà ní yàrá fáìlì. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Fáìlì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá fáìlì kan tì. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síwájú ọ́fíìsì ńlá, nínú oòrùn, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bí irú wọn. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ mú fáìlì náà jáde láti ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n dìde. Fúnra mi ni mo dìde.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé ìkàwé, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì kó àwọn ìwé náà síbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè máa rí i. Ó ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti dá èmi náà dúró nígbà yẹn, n kò sì ní iṣẹ́ kan tó dúró. Àwọn kan bi mí ìdí tí mo fi lọ bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣe. Àwọn tó ń bèèrè kò gbé ní ìlú tó ń gbé ni. Ẹni tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń pè ní Dádì, tí ọba ń bi ní ìmọ̀ràn, ta ló máa sọ fún un pé òun kò wá?

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Páálí ni mo kọ́kọ́ ń kó ìwé sí, ṣùgbọ́n ikán jẹ ìdí ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ bá lọ sí ilé bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó ń ra kòkó nígbà ayé rẹ̀, ó kó àwọn àpò òfìfo tó wà níbẹ̀ wá. Wọ́n mọ́, wọ́n gbẹ, òórùn kòkó ṣì wà lára wọn. Inú àpò wọ̀nyẹn la kó ìwé ọ̀gá àgbà sí: ọ̀rọ̀ tó sọ níbi ayẹyẹ, lẹ́tà, fọ́tò, gbogbo rẹ̀. A fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tí kò wúlò sínú àwọn páálí. Ọ̀gá àgbà wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó wo inú yàrá, ó mi orí, ó jáde.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù lójú ẹsẹ̀. Mo rò ó lọ́nà pé bóyá kí n sá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́. Mo ṣí yàrá náà. Àwọn páálí ṣì wà níbi tí wọ́n wà, eruku orí wọn kò yẹ̀. Kò ku àpò kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ náà ló ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Ó dára tó o wá. Àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀ wá kó ẹrù. Ṣé o ti tò ó tán?”

Mo kúnlẹ̀. “Sà, àwọn àpò kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Àpò wo? Páálí kọ́ ni mò ń wò yìí?”

“Ìwé ìròyìn ló wà nínú páálí, sà. Inú àpò kòkó la kó ìwé yín sí. Ẹ rí i lọ́jọ́ tí a kó o.”

Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wolẹ̀. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló pariwo tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú.

“Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?”

“Èmi ni, sà. Ọ̀kan sì wà ní kíṣìnnì yín.”

“Mi ò bi ọ́ ní ti kíṣìnnì! Kí ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìkirè?”

“Ọjà ló ń tà, sà.”

“Kí ni ó ń tà?”

“Dòdò ni, sà.”

“Kí ni wọ́n fi ń wé dòdò?”

Ó ti na ìka sí mi kí n tó dáhùn. Ó ní òun á sọ mí sí ẹ̀wọ̀n, pé n kò ní rí ojúmọ́ nílé mi títí màá fi kú. Ìyàwó rẹ̀ ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé òun mọ ẹni tó kó o.

Àwọn ọlọ́pàá tó fi fóònù pè gbé mi sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn lọ sí Ìkirè, kí n lè fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi hàn wọ́n. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Tábìlì kan, agbòòrùn kan àti agbada ni. Wọ́n kó ìwé tó kù, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti agbada. Epo gbígbóná dà sínú yẹ̀pẹ̀, ó ń hó.

Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí. “Ẹ da epo mi nù? Ṣé epo náà bá wọn jalè ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Ìyá Fáìlì, ẹ ti di Ìyá Dòdò báyìí!”

Gbogbo obìnrin tó ń ta dòdò lójú títì yẹn ló ń wò wá. Irú ìwé kan náà wà lórí tábìlì tiwọn. Mo rí i, mo sì nawọ́ sí i, mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní tí n kò bá pa ẹnu mi mọ́, àwọn á gbá mi létí. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn káńtà téṣàn Ìkirè títí di ìrọ̀lẹ́, kí alága àwọn oníṣòwò tó wá gba béèlì mi. Wọ́n ní kí n máa wá fojú hàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé, pé wọ́n á gbé mi lọ sí kóòtù tí ọ̀gá àgbà bá ti ṣetán.

Ẹnì kan lè bẹ̀rù kó sì bínú lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn káńtà yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ nínú mi pé tí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n bọ́ nínú èyí, ọkùnrin yìí á tọ́ ọ wò. Kì í ṣe pé kó kú. Mo fẹ́ kó wà láàyè, kí ojú rẹ̀ sì là kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ta ìwé náà fún un. Gbogbo àwọn oní-dòdò ló mọ̀ ọ́n. Ọjà Àpòmù ló wà, inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tó kó ìwé àtijọ́ sí dé àjà: ìwé ìdánwò, ìwé ìròyìn, kàlẹ́ńdà. Ilé dé ilé ló ń lọ láti rà á. Ó sanra, ó sì yá mọ́ ènìyàn, ó so ìborùn mọ́rí.

Ó ní, “Ẹ̀yin Ìkirè, mo gbọ́ pé wọ́n da epo yín nù. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé wo lẹ fẹ́?”

Mo fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi hàn án. Kò tilẹ̀ wò ó pẹ́.

“Ilé ọ̀gá àgbà ni mo ti rà á. Nínú àpò kòkó.”

Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Mo ní, “Ta ló tà á fún yín?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyá ilé ni. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ láti kíṣìnnì, wọ́n dúró tì mí títí mo fi kó o tán. Mo bi wọ́n ohun tí mo máa ń bi gbogbo ilé: ṣé ẹ ti yọ ti ìjọba kúrò nínú rẹ̀? Nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Wọ́n ní bàbá ni wọ́n ní kí àwọn tà á.”

“Ẹ máa bá mi sọ ọ́ ní téṣàn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi? Wàláì, mi ò dé téṣàn rí láyé mi, mi ò sì ní torí ìwé débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìdajì àpò wọ̀nyẹn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí àmì tí bàbá ìyàwó ọ̀gá àgbà máa ń fi ọ̀dà kọ sára àpò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí ibi tí ojú mi wà. Ó ní, “Kó o, àbúrò mi. Ká kó o padà fún un, kí ọ̀rọ̀ yìí tán.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ dáhùn nínú mi: tí wọ́n bá rí mi tí mo ru àpò wọ̀nyẹn wọ ilé rẹ̀, wọ́n á ní olè ti gbé ẹrù padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo wo àpò náà, mo wo báírò aláwọ̀ ewé tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì rí i pé n kò fẹ́ kí ó rí i gbà padà.

Mo sọ fún ìyá oníwèé pé, “Ẹ bá mi fi àpò kan tí mo rán ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tú u. Èyí tó kù, ẹ máa tà á lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “O ya wèrè ni?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á.”

Wọ́n tà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ìwé wé dòdò mọ́, ó padà sí ewé, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò bìkítà. Láti Ìkirè dé Gbọ̀ngán ni ìwé ọkùnrin yẹn ń jáde lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń mú kí ohùn wọn ki, wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ kà á sókè, àwọn èrò ọkọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró níwájú obìnrin tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Màmá, èyí tí mo jẹ lánàá kò parí. Ẹ bá mi wo èyí tó ní ojú ìwé kejì.” Obìnrin náà kò mọ̀wé. Ó fún un ní méjì, ó ní kó yan èyí tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá àgbà. Ó rán dẹ́rẹ́bà rẹ̀ pé kó gba gbogbo ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Wọn kò fún un. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ìwé nìkan kọ́ ni mò ń tà. Ra dòdò, wàá gba ìwé.” Ó bá ń ra dòdò. Ó ń rà á láti orí àtẹ dé orí àtẹ, ó ń kó o sẹ́yìn mọ́tò níbi tó ti mú fáìlì tí mo torí rẹ̀ kúnlẹ̀ jáde rí, títí òórùn epo fi kún inú mọ́tò náà. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ń ké sí i láti òkèèrè: “Dẹ́rẹ́bà ọ̀gá àgbà, ẹ wá, tuntun ń bọ̀ láti inú epo!” Mo dúró sábẹ́ agbòòrùn ẹ̀gbọ́n mi, mo ń wò ó. Inú mi dùn. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé ojú tì mí lè dá kíkà yìí dúró níbí.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí ni.

Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ lọ jẹ́wọ́ fún bàbá. Iná kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé o.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ta ló rán ọ?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.” Ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kó aṣọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní Orílẹ̀-Òwu. Ó kọ̀. Ó ní ta ló máa din ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun. A ń gbé garawa omi sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo bá ń lọ sí téṣàn ní ọjọ́ Ajé, ọ̀nà oko ni mò ń gbà. Mo wá mọ̀ pé ìwé tó ń fò lójú títì lè dójú tì í, ṣùgbọ́n kò lè yọ orúkọ mi kúrò níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é, ìyàwó rẹ̀ ni.

Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun kan ní Àpòmù. Mo dúró síbi kànga wọn ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán. Nígbà tó jáde pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, tó rí mi, ó fẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn. Mo dúró síwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ta ìwé náà.”

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Rọra sọ̀rọ̀, Ìyá Fáìlì.”

“Ṣé èmi ni màá rọra?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ kò sì ṣe mí. Ó ní, “Bàbá ni wọ́n fi fóònù pè mí láti Ìbàdàn. Mò ń lọ ata. Wọ́n ní ilé ti dọ̀tí jù, àlejò kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí oníwèé kó àwọn ìdọ̀tí inú àpò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan páálí, pé páálí ni ìwé àwọn wà. Mo ní, ‘Ṣé ó dá yín lójú?’ Wọ́n ní ṣé èmi tí mi ò kàwé ni màá kọ́ àwọn ní ibi tí ìwé àwọn wà. Ni mo bá ṣe bí wọ́n ṣe wí.”

Ọkùnrin náà kò lè gbà gbọ́ láé pé ohun iyebíye òun lè wà nínú àpò àgbẹ̀. Páálí tó mọ́, tí wọ́n ya àwòrán ọsàn sí lára, ibẹ̀ ló gbà pé ó yẹ òun. Mo wá rántí bó ṣe di òpó ilẹ̀kùn mú. Ibẹ̀ ló ti yé e. Kí wọ́n má bàa sọ pé òun fi ẹnu ara òun ta ìwé òun, ó gbà kí n lọ sẹ́wọ̀n.

Mo ní, “Màmá, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn.”

Ó fi etí sùtánà nu ojú rẹ̀.

“Ẹ ó wá sí téṣàn ní ọjọ́ Ajé.”

“Tí mo bá sọ̀rọ̀, níbo ni màá sùn? Àgbà ti dé sí mi.”

“Èmi náà kò mọ ibi tí màá sùn. Tí ẹ kò bá wá, màá wá síbí ní ọjọ́ Ìsinmi. Màá dúró láàárín gbogbo ìjọ yín, màá bi yín níwájú pẹpẹ, pẹ̀lú aṣọ yìí lára yín. Ẹ ó sì dá mi lóhùn níbẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bóyá kò mọ̀ mí rí lóòótọ́.

Mo sọ ohun tó wí àti ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà fún ìyá oníwèé. Kò bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Wọ́n á dáná sun yín torí ohun tí èmi rà? Ó tó.”

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dé téṣàn kí oòrùn tó mú. Ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó jókòó sórí àga ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ń wá ìwé tí wọ́n á fi gbé mi lọ. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. N kò gbàgbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ máa wá.

Ó wá. Sùtánà funfun ló wọ̀, láìwọ bàtà, nítorí àwọn ìjọ wọn kì í wọ bàtà tí aṣọ yẹn bá wà lára wọn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Àpòmù. Iyẹ̀pẹ̀ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. 

Ọkọ rẹ̀ dìde. “Kí lo wá ṣe níbí?”

Obìnrin náà kọjú sí ọ̀gá ọlọ́pàá. “Ẹ mú báírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wọ aṣọ yìí kí n má bàa lè purọ́. Èmi ni mo ta àwọn ìwé náà. Bàbá yìí ló pè mí pé kí n tà á.”

“Ìyàwó mi kò mọ ohun tó ń sọ.”

“Ẹ ní, ‘ìdọ̀tí inú àpò.’ Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí. Mo bi yín, ẹ bú mi.”

Ìyá oníwèé wọlé lásìkò yẹn, ó ru àpò kòkó kan lórí, ó ń mí helehele. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú káńtà. “Àpò tí mo rà nílé wọn rèé. Àmì bàbá Màmá wà lára rẹ̀. Mi ò tú u.”

Ọ̀gá àgbà wo àpò náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Èyí tó kù ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà ti rà nínú rẹ̀, sà. Dẹ́rẹ́bà yín jẹun dáadáa.”

Ọlọ́pàá tó pè mí ní Ìyá Dòdò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, òun náà sì yí ojú sí ògiri.

Wọ́n gbìyànjú láti bo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní nǹkan ti parí, pé àgbà ni wá, kí kálukú máa lọ ilé. Ọ̀gá àgbà ní, “Ẹ má bínú,” ó wo fèrèsé bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ènìyàn rere, ní òun ti gbọ́. Èmi kò dìde.

Mo ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, “Kọ kí ni sílẹ̀, Ìyá?”

“Pé wọ́n ti yọ ẹjọ́ náà kúrò. Pé bàbá yìí fúnra wọn ni wọ́n ní kí wọ́n ta ìwé wọn, pé èmi kò mú nǹkan kan. Àti pé ẹnì kan wá fi iná halẹ̀ mọ́ wa, tí nǹkan kan bá ṣe wá, tàbí tó ṣe tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ni kí ẹ mú. Kí bàbá fọwọ́ sí i.”

Wọ́n jiyàn. Mo jókòó. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá oníwèé jókòó sórí àpò. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́. Ọ̀gá àgbà yọ báírò rẹ̀ láti fọwọ́ sí i.

Mo ní, “Kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sókè.”

Ó wò mí. Ojú yẹn ti máa ń mú mi kúnlẹ̀ rí. N kò kúnlẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, “Dádì, ẹ kà á, ká sáà tú ká.”

Ó kà á. Ó yára, ó sì gbé ohùn rẹ̀ mì nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun fúnra òun ló ní kí wọ́n ta ìwé náà. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti pọ̀ sí i nígbà yẹn, àwọn oní-dòdò méjì kan wà nínú wọn.

Mo ní, “Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, sà. N kò gbọ́.”

Ó sì tún un kà.